Ohùn Tí Màmá Fi Ń Tẹ̀wé

Nínú gbogbo àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba wa ní Ìlọrà, obìnrin kan wà tó ń fi etí tẹ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ni bàbá yìí ń sọ, ṣebí ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ìka ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí ló ń darí ìka tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bó ṣe rí.

Táípúráítà ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tó ń dákẹ́. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì kan, irin á fò sókè, á lu ìwé, á dún. Bí o bá ń sún mọ́ etí ìwé, aago kékeré kan á ró, á ní ó tó kí o yí padà. Bí o bá tẹ èyí tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá, gbogbo àyà ẹ̀rọ náà á gbéra, bí o bá sì tú u sílẹ̀, á balẹ̀ gbì. Obìnrin yìí ti ń gbọ́ àwọn ohùn wọ̀nyí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó lè máa bá ọ sọ̀rọ̀ ọjà, kó máa tẹ lẹ́tà lọ, kó má wo ọwọ́, kó má wo ìwé. Bí ó bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, á dúró, á ní, "Èyí tó dún yẹn kọ́ ni mo rán níṣẹ́." Bí o bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì. Ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ. Fìdítì ni àwa méjèèjì ń gbé, a sì jọ máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrà láàárọ̀. Màmá ni mo ń pè é, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pè é. Òun a máa pè mí ní àbúrò rẹ̀, àfi ọjọ́ tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ náà, mo di "akọ̀wé" nìyẹn. Aládùúrà ni. Lọ́jọ́ Àìkú mo máa ń rí i nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, tó ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìntì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àbíkẹ́yìn rẹ̀ sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ́kọ́ ń ní kí n máa bá òun ka lẹ́tà tí Ọ̀gá, olórí ọ́fíìsì wa, bá fọwọ́ kọ, pé ọwọ́ Ọ̀gá ti burú jù. Òótọ́ ni, ọwọ́ Ọ̀gá burú, bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀. N kò fura. Ó di ọjọ́ kan tó na ìwé kan sí mi.

"Àbúrò mi, bá mi ka èyí."

Mo gbà á. Mo yí i sẹ́yìn, mo tún yí i síwájú.

"Màmá, wọn ò kọ nǹkan kan síbí o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Abájọ tí mi ò fi rí i kà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbójú sókè, mo rí i pé èjìká mi ló ń wò, kì í ṣe ojú mi, mo sì rí ohun funfun kan nínú ẹyinjú rẹ̀, bí omi ògì. Ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣe jẹ́ ká sọ fún Ọ̀gá, kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ojú n'Íbàdàn?"

"Rárá. Atẹ̀wé tí ojú rẹ̀ ò bá dára, ilé ni wọ́n ń kọ̀wé rán an lọ, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Jẹ́ kí n lo ọdún méjì mi tán. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní ó dáa. N kò sì tún mẹ́nu kàn án mọ́. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Pikọ́ọ̀pù ló gbé e wá láti Ìbàdàn, nínú páálí mẹ́ta, gbogbo wa sì jáde síta bí ẹni tó fẹ́ wo ìyàwó tuntun. Wọ́n kó àwọn fáìlì àtijọ́ kúrò nínú yàrá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì Ọ̀gá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ta kọ́tìnnì, wọ́n so fáànù. Wọ́n rán aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa fún kọ̀ǹpútà náà, tí a ó máa fi bò ó bí iṣẹ́ bá parí. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: ẹ bọ́ bàtà, ẹ má gbé omi wọlé, ẹ má tẹ ohun tí wọn ò ní kí ẹ tẹ̀. Àgádágodo ńlá kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá fún mésẹ́ńjà wa ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn sì so ó mọ́ ọrùn.

Mésẹ́ńjà yìí, bàbá kan tó jẹ́ ará Ìmínì ni, Mùsùlùmí tó ti lọ sí Mẹ́kà, tí òun àti Màmá kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ara wọn ṣubú sílẹ̀. Ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, bàbá náà ní, "Ẹ ti délé nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ bàtà. Ẹ kàn rántí pé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ríran nìyí o."

Màmá dá a lóhùn pé, "Alájì, ẹ̀yin náà ẹ má ṣàlùwàlá síbẹ̀. Wọ́n ní omi ò gbọdọ̀ wọlé."

Kọ̀ǹpútà náà ní ohùn nígbà tó dé. Sípíkà méjì wà lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ohùn náà kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọ̀kan nínú wa, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn fàájì, mú àwo orin kan wá láti ilé, ó ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì tẹ ibi tó tẹ̀. Lásìkò yẹn, àwọn àlejò láti Ìbàdàn wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ojú pé kí wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Jùjú bẹ́ wọlé gba ara ògiri. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ìgbà tí ọkùnrin náà máa fi rí ibi tí wáyà ti jáde lára ògiri, tó fà á yọ, olórin ti ki èèyàn mẹ́ta.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó kan ní, "Ẹ̀rọ ìjọba kì í ṣe ẹ̀rọ ijó." Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó tà á fún wa. Ẹni náà yọ sípíkà méjèèjì, Ọ̀gá sì tì wọ́n mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó tún wọ inú kọ̀ǹpútà lọ, ó pa ohùn rẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ àṣírí kan dí ibi tí èèyàn lè gbà tan án padà. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ọ̀gá létí. Ọ̀gá ní kó má sọ fún òun, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá bẹ òun. Báyìí ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ṣe yadi.

Ìyà rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni nínú wa, àfi Màmá. Bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀, kò ṣe é gbọ́. Aago etí ìwé kò sí, kọ̀ǹpútà ń yí ara rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Mo rántí pé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bó bá tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó mọ̀ pé ó yẹ kí aago ró, á dá ọwọ́ dúró, á dẹ etí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn nínú ilé òfìfo. Èyí tó wá burú jù ni bọ́tìnnì tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di ńlá. Bí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì kàn án, iná kékeré kan ló máa ń tàn lókè. Màmá kò rí iná náà. Á tẹ ojú ewé kan tán láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ lẹ́tà ńlá.

Nígbà àkọ́kọ́, Ọ̀gá gbé ìwé náà sókè. "Màmá, kí lèyí? Ṣé pátákó orí ilé ìtajà ni wọ́n ní kí ẹ kọ ni?"

"Ọwọ́ mi ló ṣì í tẹ̀, sà."

Nígbà kejì, kò dápàárá mọ́. Nígbà kẹta, ó kàn na ìwé náà padà sí i, ó ń wo ibòmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́tà kan wọlé láti Ìbàdàn. Èmi ni mo kà á fún Màmá. Wọ́n ní àwọn máa rán ẹnì kan wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i láti dán àwọn atẹ̀wé wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá lè lò ó, wọ́n á fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì, ọdún rẹ̀ ì báà pé, ì báà má pé.

Màmá ní, "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà. Ó mú un lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó tẹ̀ ẹ́ bọ àpò.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀rín lẹ máa fi mí rín. Mo máa ń jókòó tì í, màá máa ka ìwé fún un, ojú mi á sì wà lára iná kékeré yẹn. Bó bá ti tàn, màá fi kálámù kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, kó. Bó bá kú, kó, kó. Ó ṣiṣẹ́. Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọ̀gá yọ orí sínú yàrá.

"Akọ̀wé, kí lò ń kàn látàárọ̀? Ṣé o ti di káfíńtà ni?"

Irọ́ tó sún mọ́ mi lẹ́nu ni mo pa. "Eèrà ni, sà. Mò ń pa eèrà."

Ọ̀gá kọ́kọ́ wo tábìlì, ó wá wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó pe mésẹ́ńjà pé kó wá fín oògùn eèrà sí gbogbo yàrá náà lójú ẹsẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì ni a kò fi lè wọlé. Bàbá náà ń wúkọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Mi ò mà rí eèrà kan níbí o. Àfi bí èyí tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì."

Nígbà tó ku àwa méjì, Màmá sọ fún mi pé, "Ṣé ìwọ náà rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni yẹn bá dé. Wọn ò ní jẹ́ kí o jókòó tì mí. Ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ lanu fúnra rẹ̀."

N kò lè lọ sọ fún Ọ̀gá pé kó dá ohùn padà, torí á bi mí pé nítorí kí ni. Mo bá gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Fìdítì lọ. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ kan wà tó yadi.

Ó ní, "Ẹ gbé e wá."

"Kò ṣe é gbé."

"Ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé."

Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbààwẹ̀ fún un ni?"

Mo ti ń lọ kó tó pè mí padà. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, ṣé kì í dún rárá?"

Mo ronú. Lóòótọ́, bí iná bá ti wọ inú rẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń ké lẹ́ẹ̀kan, píì, bí òròmọdìyẹ, kó tó ṣí ojú. A ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í gbọ́ ọ mọ́.

Mo ní, "Ó máa ń dún."

"Ó tán. Ẹnu méjì ló ní. Ti ìta ni wọ́n dí, ti inú ṣì wà níbẹ̀. Ẹ lọ wá ohun tó ń jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀."

Ìwé kan wà tó bá kọ̀ǹpútà náà wá, ó nípọn bí Bíbélì, inú yàrá yẹn ni wọ́n sì ń tì í mọ́. Ìwé ìjọba ni, kò gbọdọ̀ jáde. Mo lọ bá mésẹ́ńjà ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti kírun dé. Mo ní mo fẹ́ yá ìwé náà títí di ọjọ́ Ajé. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá Ọ̀gá wà nítòsí.

Ó ní, "Ṣé tìtorí eèrà yẹn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alájì."

Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. Ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò mọ èyí tó dákẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ dá a padà kí Ọ̀gá tó dé lọ́jọ́ Ajé."

Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé mi, ìwé yẹn lórí itan, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyàwó mi bi mí bóyá ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó dé ibi tí mò ń wá, ó kù díẹ̀ kí ìwé náà tán. Abala kékeré kan ni, tí wọ́n kọ fún àwọn tí ara wọn kò gbé kánkán, àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àwọn tí kò gbọ́ràn, àwọn tí kò ríran dáadáa. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìwé náà ní bọ́tìnnì kan wà lókè níbi tí àwọn òǹkà wà. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, tí kò tú u sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa dún láti ìgbà náà lọ nígbàkigbà tí wọ́n bá tan lẹ́tà ńlá tàbí tí wọ́n bá pa á.

Mo pa ìwé náà dé. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ẹnì kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí kò mọ Fìdítì, tí kò mọ Ìlọrà, tó jókòó ro ti ẹni bíi Màmá. Àwa tí a jọ ń wọ mọ́tò ní ojoojúmọ́ ń pa eèrà.

Lọ́jọ́ Ajé, a tètè dé. Mésẹ́ńjà ṣílẹ̀kùn, ó sì kọ̀ láti lọ, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo mú ìka Màmá, mo gbé e lé bọ́tìnnì náà. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Kò sí nǹkan kan. Mo ti kà á kíákíá jù, ojú ló ń kán mi.

Mésẹ́ńjà ní, "Ẹ rọra kà á, bí ẹni tó ń wọn gààrí fún àna ẹni."

A tún un ṣe. Kò ì tíì pé àrún tí kọ̀ǹpútà fi ké, ohùn tó gòkè, bí ìgbà tí èèyàn bá ń béèrè ọ̀rọ̀. Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"A ti bà á jẹ́."

"A ò bà á jẹ́, Màmá. Ó ń bi yín pé ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ kí òun máa sọ̀rọ̀."

"Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni."

Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Màmá wá fi ìka wá bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú ikùn ẹ̀rọ náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ohùn náà jáde, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó wá ní, "Akúrẹtẹ̀ ohùn ni, ṣùgbọ́n ohùn ni. Ka ìwé yẹn fún mi, ká máa bá iṣẹ́ lọ."

Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà, ohùn náà lè lọ, nítorí náà mo kọ́ ọ bó ṣe máa wá bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀ láàárọ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sí lẹ́tà ńlá tó ṣìnà mọ́. Ọ̀gá gba ìwé méjì, mẹ́ta, kò rí nǹkan sọ sí i. Mo rò pé a ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ẹni tí wọ́n rán láti Ìbàdàn, ọkùnrin tó wọ gíláàsì ni, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A ti rò ó pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ka ìwé sókè fún Màmá láti tẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé táípúráítà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìwé kan tí wọ́n fọwọ́ kọ nínú báàgì, ó gbé e sọ́wọ́ òsì Màmá, ó ní, "Ẹ tẹ èyí fún mi," ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáìlì tí mo kàn gbé dání kí n lè ní ìdí láti dúró. Màmá ti tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀, ohùn ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àwọn lẹ́tà. Ó yíjú sí ìwé náà. Ó sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ kò mira.

Ọ̀gá ní, "Màmá, àkókò ń lọ o."

"Mo gbọ́, sà."

Ìka rẹ̀ kò mira síbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, òógùn ti ń jáde níbẹ̀ bí fáànù ṣe ń fẹ́ sí i lórí tó. Mo ti ṣèlérí fún un. Mo tún rí i pé tí mo bá pa ìlérí náà mọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n á dópin síwájú ìwé kan tí ó lè tẹ̀ dáadáa bí ó bá gbọ́ ọ.

Mo wọlé, bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ojú Màmá ni. Wọn ò rí i kà. Ó ti pẹ́ tí èmi ti ń kàwé fún wọn."

Màmá kò yíjú padà. "Akọ̀wé," ó pè mí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ti Ìbàdàn wá yọ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní kí n mú ìwé náà, kí n kà á, kó gbọ́. Mo kà á. Mo fo ìlà kan. Màmá dá mi dúró. "Ohun tí o kà yẹn ò so pọ̀. Padà sẹ́yìn." Mo padà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, bọ́tìnnì ń yára bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń jáde níbi tó yẹ.

Ọ̀gá ní, "Kí ló ń dún níbẹ̀? Ṣebí a ti pa ohùn ẹ̀rọ yìí."

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti ìwé, mo sọ ti bọ́tìnnì. Mo fi orúkọ mésẹ́ńjà pamọ́, ṣùgbọ́n bàbá náà sọ láti ìta pé òun lòun yá mi. Ẹni tó ti Ìbàdàn wá gba ojú ewé tó jáde, ó kà á, ó fi kálámù pupa yí ibì kan ṣoṣo ká. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára ju èyí tí mo rí ní ibi méjì tí mo ti kọ́kọ́ lọ. Mi ò lè kọ ọ́ pé obìnrin yìí ò lè lo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ rí ìwé dókítà nínú fáìlì rẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá pè wá. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ohun tó ní ni pé, "Ẹ fi mí ṣe òǹwòran nínú ọ́fíìsì tèmi. Bí ẹ bá ti sọ fún mi, ẹ rò pé màá ṣe kí ni?" Ohun tí a rò pé ó máa ṣe, kò ṣe é sọ lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ojú, ó ní kí Màmá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n tẹ̀ lé e lọ.

Dókítà wo ojú méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ó ní èyí tó wà lójú ọ̀tún, bí èèpo ni, ó ṣe é bó kúrò. Ó ní ti òsì yàtọ̀, àìsàn mìíràn ti wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti jẹ gbòǹgbò. Ó bi wá pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀. Màmá sọ fún un. Dókítà kò bá a wí. Ó kan ní, "Ẹ̀ bá ti wá nígbà náà," ó sì ń kọ̀wé lọ.

A jókòó sí ìta, a ń retí ìwé náà. Mo ka ọjọ́ lọ́kàn mi, láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé òfìfo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún kan. Gbogbo ọgbọ́n tí mo dá, gbogbo kíkàn tábìlì àti ìwé kíkà lábẹ́ igi ọsàn, ìbòrí ni mo ń hun fún ohun tó ń jẹ ẹ́ lójú.

Mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n ti sọ."

Ó ní, "Èmi ni mo ní kí o má sọ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́. Bí o bá lọ sílé èèyàn, tó ní kí o wá jẹun, kí lo máa kọ́kọ́ sọ?"

"Màá ní mo ti yó."

"Ṣé o ti yó ni?"

"Rárá, Màmá."

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni o bi mí. Mo ní rárá, o sì gbà. Mo ń retí kí o tún bi mí. Ọjọ́ míì nínú mọ́tò, màá dákẹ́, màá ní bóyá yóò bi mí lónìí. Ìwọ á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Bí ẹni tó ń sọ bí oko ṣe rí lọ́dún tó kọjá ni.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà fún un lójú ọ̀tún. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, èmi náà ni mo lọ mú un. A wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, a máa sọ̀ ní Fìdítì. Mo jókòó sí apá òsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń jókòó. A kò tíì rìn jìnnà tó fi ọwọ́ kàn mí nítan.

"Kọjá sí apá kejì. Níbi tí o wà yẹn, ohùn rẹ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ mi."

Mo bẹ ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, a pààrọ̀ ìjókòó. Màmá yíjú sí mi, ó wò mí dáadáa, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Àbúrò mi, ta ló da ẹfun sí ọ lórí báyìí?"

Mo ní, "Màmá, ewú ni. Ó ti tó ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni," ó wí bẹ́ẹ̀, kò sì tíì gbé ojú kúrò lára mi. "N ò mọ̀ pé ìwọ náà ti ń dàgbà."